Ta Ló Ni Ohun Tó Wà ní Belvedere?

Ọkùnrin tó kọ́ ààfin Belvedere kì í ṣe ọba. Kò gbéyàwó, kò bímọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ Vienna, ìlú tó kọ́ ọ sí. Paris ni wọ́n ti bí Eugene ti ìdílé Savoy ní 1663, láàárín àwọn ọlọ́lá tó ń wọlé tọ Ọba Louis Kẹrìnlá. Ìyá rẹ̀, Olympia Mancini, jẹ́ ọmọ àbúrò Kádínà Mazarin, ẹni tí àkóso ilẹ̀ Faransé wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Louis ṣì kéré. Iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n yàn fún Eugene, torí pé ó kéré lára, kò sì rí bí ẹni tó lè gbé idà. Àmọ́ ogun ló wù ú. Ó lọ bẹ Louis pé kó fún òun ní ipò láàárín àwọn ọmọ ogun, Louis sì kọ̀ jálẹ̀. Ní 1683, Eugene yọ́ kúrò ní Paris, ó gba ọ̀dọ̀ Olú-ọba Leopold Kìíní lọ ní Ọ́stríà, lásìkò tí àwọn ọmọ ogun Ottoman láti Túrkì ká Vienna mọ́. Ó wà lára àwọn tó jà títí ìlú náà fi bọ́.

Láti ìgbà yẹn lọ, Ọ́stríà ló ń jà fún. Ó ṣẹ́gun àwọn Ottoman ní Zenta ní 1697, ó tún ṣẹ́gun wọn ní Peterwardein ní 1716, ó sì gba Belgrade ní ọdún kejì. Láàárín méjèèjì, ó fi ojú àwọn ọmọ ogun Louis fúnra rẹ̀ rí màbo nínú ogun tí wọ́n jà lórí ìtẹ́ Sípéènì. Lójú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ tí ọba kan sọ tó ná an lówó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ogun tó ń jà ló sọ ọ́ di olówó. Àwọn olú-ọba mẹ́ta tó sìn ní tẹ̀léra-tẹ̀léra fi owó, ilẹ̀ àti oyè dá a lọ́lá. Ní 1697, ọdún Zenta kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ lẹ́yìn odi Vienna, ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó rọra ń yọ̀ wálẹ̀ sọ́nà ìlú. Ó ti ní ilé ńlá kan nínú ìlú tẹ́lẹ̀. Èyí tó fẹ́ kọ́ lẹ́yìn odi, ti ìgbà ooru ni. Johann Lukas von Hildebrandt ló gbé iṣẹ́ náà fún. Genoa ní Ítálì ni wọ́n ti bí ayàwòrán-ilé yìí, ó sì ti bá Eugene lọ sógun rí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀rọ àwọn ọmọ ogun, nítorí náà wọ́n ti mọ ara wọn.

Ilé méjì ló wà lórí ilẹ̀ náà. Ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, láti 1712: ilé gígùn tí kò ga, níbi tí Eugene ń gbé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ti òkè, láti 1717 sí 1723. Ìyẹn kì í ṣe ilé tí èèyàn ń sùn sí. Ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò ni, ibi tí wọ́n ti ń fi agbára hàn. Òrùlé rẹ̀ pín sí ọ̀nà púpọ̀, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, débi pé àwọn kan ń sọ pé àgọ́ ogun àwọn Ottoman tí Eugene ṣẹ́gun ló fi jọ. Láàárín ilé méjèèjì, Dominique Girard, tó kọ́ṣẹ́ ọgbà ní Versailles, tẹ́ ọgbà kan sílẹ̀ tó ń gun òkè ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú omi tó ń tú jáde àti ère lọ́tùn-ún lósì. Eugene tún kó àwọn ẹranko àti ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọgbà náà.

Baroque ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ ọnà tó gbòde nígbà náà, ìwà rẹ̀ kò sì le láti ṣàpèjúwe: kò fẹ́ kí ojú sinmi. Gbogbo igun ló ní ère, gbogbo àjà ló ní òrìṣà àwọn Gíríìkì tó ń fò nínú àwọsánmà, wúrà sì ń dán níbi tí kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Nínú Belvedere, gbogbo rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Eugene tóbi. Balthasar Permoser gbẹ́ ère kan fún un láàárín 1718 sí 1721 tó ṣì wà ní ilé ìsàlẹ̀ dòní. Eugene wọ awọ kìnnìún bíi Hercules, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọkùnrin ará Túrkì kan mọ́lẹ̀, òkìkí sì ń fun fèrè fún un, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ dí ẹnu fèrè náà. Ìrẹ̀lẹ̀ tí èèyàn san owó kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta mábù, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ohun tó wù mí jù nínú ilé náà kò tilẹ̀ sí nínú ètò àkọ́kọ́. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí ilé òkè parí tí àjà gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wó. Hildebrandt ní láti fi òpó gbé e ró, ní ìgbà òtútù 1732 sí 1733. Dípò òpó lásán, ó ní kí wọ́n gbẹ́ òmìrán mẹ́rin, àwọn Atlas, tí wọ́n tẹrí ba, tí iṣan ọrùn wọn le, tí wọ́n fi èjìká gbé àjà. Àlejò tó bá wọlé lónìí á rò pé ẹwà ni wọ́n wà fún. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Eugene kú ní oṣù Kẹrin 1736, kò sì ṣe ìwé ìpíngún kankan. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ti Eugene burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lọ́mọ tí ìbá kọ́. Victoria, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni gbogbo ogún já mọ́ lọ́wọ́, kò sì fi àkókò ṣòfò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Olú-ọba Charles Kẹfà gba ìwé Eugene, nǹkan bí 15,000, ó kó wọn sínú ilé ìkàwé ààfin Vienna, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn àwòrán rẹ̀ lọ sí Turin lọ́dọ̀ ọba Sardinia, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ilé àti ọgbà ló kù. Maria Theresa, ọmọ Charles, ra ìyẹn ní 1752. Láàárín ọdún 16, ohun tí ọkùnrin kan fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ ti fọ́n ká, ògiri tí wọ́n kọ́ fún àwòrán sì wà lófìfo.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ilé ìkójọ-iṣẹ́-ọnà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọba ìdílé Habsburg ní àwòrán rẹpẹtẹ, àmọ́ ilé kan nínú ààfin ìlú, tí wọ́n ń pè ní Stallburg, ni wọ́n há wọn mọ́. Bí wọ́n ṣe to wọn níbẹ̀ yóò bí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn àwòrán nínú: ńlá sáàárín, kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ògiri fi kún bámúbámú. Àwòrán tí kò bá bá àyè mu, wọ́n á gé e. Èyí tó bá kéré jù, wọ́n á lẹ aṣọ mọ́ ọn kó lè tóbi. Ní 1776, Maria Theresa àti Joseph Kejì, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jọba, pinnu pé kí wọ́n kó àwòrán náà lọ sí Belvedere Òkè, kí ará ìlú sì lè wọlé wò wọ́n.

Christian von Mechel ni wọ́n pè láti to wọn. Ará Basel ni, ẹni tó ń fín àwòrán sára bàbà tó sì ń tà wọ́n, kì í ṣe ìjòyè. Ohun tó ṣe yóò dà bí nǹkan kékeré lójú wa, torí pé gbogbo ayé ti ń ṣe é báyìí. Ó kó àwòrán àwọn ará Ítálì jọ sápá kan, ti Nẹ́dálándì sápá kan, ti Jámánì sápá kan. Ó tẹ̀ lé ọjọ́ orí wọn, kí ẹni tó ń rìn láti yàrá dé yàrá lè rí bí ọwọ́ àwọn ayàwòrán ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ó fi férémù tó jọra sí wọn lára, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1783 tó ka gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó parí títò wọn ní 1781, ọdún 12 kí Louvre tó ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú ní Paris. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ ni pé kí bàtà rẹ̀ mọ́.

Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn. Àwọn kan láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé bínú pé Mechel ti sọ ilé ẹwà di ilé ẹ̀kọ́, pé ó to àwòrán bí ẹni to ìwé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá wo àwòrán ọba, ọlá ọba ló ń wò. Láti ọjọ́ tí Mechel ti tò wọ́n bẹ́ẹ̀, èèyàn lè wo àwòrán nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ogun tún dé. Nígbà tí Napoleon gba Vienna ní 1809, Vivant Denon, olórí Louvre, wá fúnra rẹ̀, ó sì ṣa ọ̀pọ̀ àwòrán láti Belvedere lọ sí Paris. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní 1815 ni púpọ̀ nínú wọn padà sílé. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Jacques-Louis David ti ya Napoleon lórí ẹṣin tó ń gun òkè Alps, oríṣi márùn-ún ló sì yà á. Ọ̀kan wà ní Milan. Nígbà tí Milan bọ́ sọ́wọ́ Ọ́stríà, ìjọba Vienna gbẹ́sẹ̀ lé àwòrán náà, ó sì dé Belvedere ní 1834. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó kó ẹrù ilé náà lọ ló wá di ọ̀kan lára ẹrù ilé náà.

Ní 1891, wọ́n ṣí Kunsthistorisches Museum láàárín ìlú, wọ́n sì kó àwòrán olú-ọba lọ síbẹ̀. Belvedere tún ṣófo. Anton Bruckner, ọ̀gá nínú kíkọ orin sílẹ̀ nì, gba yàrá nínú ilé àwọn olùtọ́jú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó darúgbó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1896. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ilé òkè fún Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́. Ibẹ̀ ló ń gbé títí wọ́n fi yìnbọn pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Sarajevo ní June 28, 1914, tí ogun àgbáyé sì bẹ́.

Franz Ferdinand kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀rín pé ní ìsàlẹ̀ ọgbà kan náà ni wọ́n ti ṣí Moderne Galerie ní 1903. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ya kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà ní 1897, tí wọ́n ń pè ní Secession, Gustav Klimt sì jẹ́ olórí wọn, ló ń yọ ìjọba lẹ́nu pé kí ilé kan wà fún iṣẹ́ àwọn tó ṣì wà láàyè. Wọn kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n fi owó ẹgbẹ́ ra àwòrán, wọ́n sì fi ta ìjọba lọ́rẹ. Ọ̀kan lára ìwọ̀nyí ni pápá Auvers tí Vincent van Gogh yà ní ọdún tó kú. Ní 1908, ìjọba náà fi krone 25,000 ra àwòrán Klimt tí ọkùnrin kan ti fẹnu ko obìnrin kan lẹ́rẹ̀kẹ́ nínú aṣọ wúrà. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà ọgọ́rin ni gígùn àti ìbú rẹ̀, wúrà gidi tí a lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lára rẹ̀. Òun ni gbogbo ayé ń torí rẹ̀ wá Belvedere lónìí.

Wọn kì í gba gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá bó ṣe wà, o. Ní 1918, Franz Martin Haberditzl, olùdarí ibẹ̀, ra àwòrán Edith, ìyàwó Egon Schiele, lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Aláràbarà ni aṣọ tí Schiele kọ́kọ́ yà sí i nídìí, àmọ́ ó ní láti fi ọ̀dà mìíràn bò ó kó lè dákẹ́ díẹ̀, nítorí pé olùdarí ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Haberditzl ni kò jẹ́ kí ilé náà fọ́ yángá nígbà tí ìjọba àwọn Habsburg ṣubú lọ́dún yẹn kan náà. Ohun ọba di ohun ìlú. Ní 1923, wọ́n sọ ilé ìsàlẹ̀ di ibi ìkójọ iṣẹ́ Baroque. Ní ọdún kejì, ilé òkè gba iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Ní March 1938, Hitler gba Ọ́stríà. Wọ́n lé Haberditzl kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Belvedere Òkè wá di ibi tí wọ́n ti ń fi gègé pín ilẹ̀ onílẹ̀: ibẹ̀ ni Jámánì àti Ítálì ti gé apá kan Czechoslovakia fún Húngárì ní November 1938, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gé apá kan Romania fún un ní August 1940. Bọ́ǹbù ba ilé méjèèjì jẹ́ kí ogun tó parí.

Lẹ́yìn ogun, orílẹ̀-èdè mẹ́rin pín Ọ́stríà láàárín ara wọn fún ọdún mẹ́wàá. Ní May 15, 1955, àwọn mínísítà ilẹ̀ òkèèrè wọn, Molotov ti Soviet Union, Macmillan ti Gẹ̀ẹ́sì, Dulles ti Amẹ́ríkà àti Pinay ti Faransé, jókòó pẹ̀lú Leopold Figl ti Ọ́stríà nínú Gbọ̀ngàn Mábù ilé òkè, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí Ọ́stríà gba òmìnira. Figl kéde pé Ọ́stríà ti bọ́. Inú gbọ̀ngàn ló ti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe gbé ìwé náà sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè han àwọn èrò tó kún ọgbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn rántí, wọ́n sì ti so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ibẹ̀.

Bí orílẹ̀-èdè ṣe bọ́ nínú Belvedere, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Klimt ti ya Adele Bloch-Bauer, obìnrin Júù ọlọ́rọ̀ kan ní Vienna, ní 1907, pẹ̀lú wúrà láti orí dé ẹsẹ̀. Adele kú ní 1925. Nínú ìwé tó fi sílẹ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀, Ferdinand, pé kó fún Belvedere ní àwọn àwòrán Klimt nígbà tí òun náà bá kú. Ferdinand sá lọ ní 1938, àwọn Nazi sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Agbẹjọ́rò Nazi tó ń tú ohun ìní náà ká ló gbé àwòrán Adele fún Belvedere ní 1941, nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè. Ferdinand kú ní Switzerland ní 1945, ó sì fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fún ọdún tó ju 50 lọ, ohun tí Belvedere ń sọ ni pé Adele fi ta àwọn lọ́rẹ.

Akọ̀ròyìn Hubertus Czernin ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà láti inú àwọn ìwé àtijọ́ ní 1998. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ọ́stríà ṣòfin pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi ipá gbà lásìkò Nazi padà. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba kọ̀ láti dá ti Adele padà. Maria Altmann, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ferdinand, tó ti ń gbé ní Los Angeles, fẹ́ pẹjọ́ ní Vienna, àmọ́ owó tí ilé ẹjọ́ ń gbà níbẹ̀ ń tẹ̀ lé iye tí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí tó, agbára rẹ̀ kò sì ká a. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìjọba Ọ́stríà lẹ́jọ́. Tọ̀túntòsì wá gbà kí adájọ́ mẹ́ta ní Ọ́stríà dá a. Ní January 2006, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ ni Adele bẹ, kì í ṣe àṣẹ. Ọkọ rẹ̀ ló ni àwòrán, àwọn ajogún ọkọ rẹ̀ ni kí wọ́n gbà á. Àwòrán márùn-ún kúrò ní Belvedere. Ìròyìn sọ pé mílíọ̀nù 135 dọ́là ni Ronald Lauder fi ra ti Adele, ó sì wà ní New York báyìí. Ní 2007, àwòrán Edvard Munch kan tún padà sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ Alma Mahler, obìnrin tó ni ín tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan sunkún ní Vienna nígbà tí Adele ń lọ. Èmi rò pé ọjọ́ yẹn ni Belvedere jáwọ́ nínú ìwà Denon. Èrò kò sì dín níbẹ̀.

Ó kan àwa náà. Nínú ààfin Hofburg, tí kò jìnnà sí Belvedere, ni Weltmuseum Wien ti tọ́jú idẹ àti eyín erin Ìbíní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Òfin 1998 kò kàn wọ́n, torí ìgbà Nazi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lé. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Ọ́stríà yàn ti dábàá ní 2023 pé kí ọ̀nà òfin wà fún ohun tí wọ́n kó ní ìgbà amúnisìn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tó ń bá wọn jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfìfo: ẹ mú ìdájọ́ Adele dání. Àwọn adájọ́ wọn ló kọ ọ́.